Iṣẹ́ Ni Tàbí Géèmù? Ìtọ́sọ́nà fún Olùgbé Ire-Akárí Tó Fẹ́ Ra Kọ̀ǹpútà

Láti ọdún 2015 ni ìdánwò àṣewọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, èyí tí àjọ JAMB ń ṣe, ti di ohun tí a ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà pátápátá. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òbí tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ti mọ̀ pé dandan ni kí ọmọ àwọn mọ ẹ̀rọ náà lò. Ní Ire-Akárí àti káàkiri agbègbè Ìsọlọ̀, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń fi kọ̀ǹpútà kàwé, oníṣòwò ń fi í ṣírò ọjà, ayàwòrán ilé ń fi í ya ilé, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi í ṣe eré ìdárayá tí a mọ̀ sí géèmù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìdílé kan ládùúgbò yìí. Ìyá ń ta aṣọ ní ọjà Aswani. Ó ti dá àjọ fún ọdún kan gbáko kí ó lè ra kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo sílé. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì. Èyí ọkùnrin ń múra sílẹ̀ fún JAMB, ó sì fẹ́ràn géèmù bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ tí àjọ bọ́ sí ìyá lọ́wọ́, ọmọkùnrin náà ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, Core i7 ni kí ẹ bá wa rà. Òun ló lágbára jù." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ṣé iná tó máa gbé e wà nílé yìí?" Ìyá wo àwọn méjèèjì, kò sì mọ ẹni tí òun ì bá gbọ́ tirẹ̀.

Nítorí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ àlàyé yìí. Kókó rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè méjì sórí ìwé. Iṣẹ́ wo ni a fẹ́ fi í ṣe? Irú iná wo ni a ní nílé? Ẹni tó bá dé ọjà láìní ìdáhùn sí méjèèjì, ohun tí ẹni tó ń tajà bá fẹ́ kó kúrò nílẹ̀ ni yóò gbé lọ sílé.

Ohun mẹ́rin tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà

Kọ̀ǹpútà dà bí ìsọ̀ aṣọ. Ohun àkọ́kọ́ ni ọpọlọ rẹ̀, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní processor. Òun ni oníṣòwò fúnra rẹ̀, tó ń ṣírò, tó sì ń pàṣẹ. Èkejì ni RAM. RAM ni kàǹtà tí a ń tẹ́ aṣọ lé níwájú oníbàárà. Bí kàǹtà bá kéré, a ó máa ká ọ̀kan kí a tó lè tẹ́ òmíràn, iṣẹ́ yóò sì máa falẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àyè ìkópamọ́, ìyẹn ẹ̀yìn ìsọ̀ tí a ń kó ẹrù sí. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: HDD tí ó ní awo tó ń yí nínú, àti SSD tí kò ní ohunkóhun tó ń yí. SSD yára ju HDD lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, kì í sì í tètè bàjẹ́ bí ẹ̀rọ bá jábọ́ tàbí tí ó bá gbọ̀n.

Ẹ̀kẹrin ni ohun tó ń ya àwòrán tí ojú ń rí. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ara ọpọlọ ni ó wà. Nínú kọ̀ǹpútà tí a ṣe fún géèmù, káàdì tó dá dúró, tó ní RAM tirẹ̀, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Káàdì yìí ni olórí ohun tó ya kọ̀ǹpútà iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára kọ̀ǹpútà géèmù. Òun ló ń gbówó lórí, òun ló ń mú ẹ̀rọ gbóná, òun náà ló sì ń jẹ iná jù.

Kọ̀ǹpútà fún ẹ̀kọ́ àti fún iṣẹ́

Ẹni tó fẹ́ kọ ìwé, ṣe ìṣirò owó, wá ìmọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí ṣe ìpàdé lórí fídíò kò nílò káàdì àwòrán tó dá dúró rárá. RAM 8GB àti SSD 256GB yóò tó o. Bí agbára bá wà láti sọ RAM di 16GB, ó dára, nítorí pé ẹ̀rọ náà yóò lè pẹ́ lọ́wọ́ kí ó tó di ohun tí iṣẹ́ òde òní borí. Ẹni tó ń kọ́ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà náà yóò rí ìrọ̀rùn nínú 16GB.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ óò máa gbé e wọ dáńfó láti Ìsọlọ̀ lọ sí Yábàá tàbí sí Erékùṣù Èkó, kọ̀ǹpútà àgbélétan tó fúyẹ́ ni kí ẹ rà, kí bátìrì rẹ̀ sì dára. Ẹni tó ń tẹ̀wé láti àárọ̀ di alẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ kíbọọ̀dù náà wò kí ó tó sanwó, kí ó sì wò bóyá ojú ẹ̀rọ náà fẹ̀ tó.

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn wúwo ju èyí lọ. Ayàwòrán ilé tó ń lo AutoCAD, ẹni tó ń to fídíò ayẹyẹ pọ̀, àti ẹni tó ń ṣe àwòrán tó ń rìn nílò RAM 16GB ó kéré tán, SSD 512GB, àti káàdì àwòrán tó dá dúró. Ní ti àwọn wọ̀nyí, kọ̀ǹpútà iṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà géèmù sún mọ́ ara wọn. Ẹ̀rọ kan náà lè ṣe méjèèjì, owó tí wọ́n bá ná lé e yóò sì padà wọlé láti inú iṣẹ́ náà.

Kọ̀ǹpútà fún géèmù

A kò ní sọ pé géèmù burú. Ó ń fúnni ní ìsinmi, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ti sọ ọ́ di iṣẹ́. Àpẹẹrẹ kan ni Maliyo Games, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù fún fóònù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012. Ohun tí a ń sọ ni pé géèmù kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì máa ń kọ ọ́ síta fún gbogbo ènìyàn láti kà.

Géèmù bọ́ọ̀lù EA Sports FC 25, fún àpẹẹrẹ, ń béèrè RAM 8GB, káàdì àwòrán tó dà bí GTX 1050 Ti tó ní 4GB tirẹ̀, àti àyè 100GB. Ẹ kíyè sí i pé ìwọ̀n tó kéré jù nìyẹn. Ìwọ̀n méjì ni àwọn ilé iṣẹ́ géèmù máa ń kọ: èyí tí géèmù yóò fi ṣí, àti èyí tí ẹni tó ń ta á yóò fi gbádùn rẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tó bá ìwọ̀n àkọ́kọ́ mu nìkan yóò máa rí i pé bọ́ọ̀lù ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn bí ẹni pé àǹjọ̀nnú ló ń gbá a. Àwọn géèmù tó ti pẹ́ kì í béèrè tó bẹ́ẹ̀. Grand Theft Auto V, tó dé orí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2015, lè ṣí lórí ẹ̀rọ tó ní RAM 4GB bí káàdì àwòrán rẹ̀ bá tó.

Ẹ tún ro ti dátà mọ́ ọn. Géèmù tó ń gba 100GB yóò gbà tó ìdá méjì nínú ìdá márùn-ún àyè SSD 256GB, ẹ ó sì ra dátà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láti gbé e wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdílé tó ń ra dátà ní ìwọ̀nba lóṣooṣù gbọ́dọ̀ ṣírò èyí mọ́ iye kọ̀ǹpútà. Bí ó bá jẹ́ pé géèmù bọ́ọ̀lù nìkan ni ọmọ ń fẹ́, PlayStation àlòkù lè tó o, kí owó kọ̀ǹpútà sì wà fún ẹ̀kọ́.

Irú iná wo ló wà nílé?

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni òun ló máa ń fa àbámọ̀ jù. Kọ̀ǹpútà àgbélétan tí a fi ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì kì í sábà jẹ ju 50 wáàtì lọ. Kọ̀ǹpútà géèmù orí tábìlì, pẹ̀lú ojú rẹ̀, lè jẹ 400 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bátìrì ínfátà kan tó jẹ́ 12V, 200Ah, ní 2,400 wáàtì-wákàtì nínú. Kò dára kí a fa bátìrì olómi ju ìdajì lọ bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́, ínfátà fúnra rẹ̀ yóò sì jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó kù fún wa kò ju nǹkan bí 1,000 lọ. Bí kọ̀ǹpútà nìkan bá wà lórí rẹ̀, ti ọ́fíìsì yóò lò ó fún nǹkan bí wákàtí 20. Ti géèmù yóò lò ó fún wákàtí méjì àbọ̀, ilẹ̀ yóò sì ṣú bá gbogbo ilé, tí kò ní sí fáànù tàbí gílóòbù tí yóò tàn.

Lórí iná ìjọba náà, ìṣirò kan náà ni. Wákàtí márùn-ún lórí kọ̀ǹpútà géèmù yóò jẹ yúníìtì méjì. Lórí ti ọ́fíìsì, ìdá mẹ́rin yúníìtì kan ni. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí owó iná àwọn tó wà ní Band A ti lọ sókè, ìyàtọ̀ yìí ti di ohun tí a ń fi ojú rí nínú mítà. Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a mọ̀ sí "I better pass my neighbour", agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 650 wáàtì. Bí kọ̀ǹpútà géèmù bá gba 400 nínú rẹ̀, ohun tó kù kò lè gbé fìríìjì pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Iná jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan, nítorí náà ẹ má ṣe so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn láìsí stabilizer. Ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí inú ilé láéláé, nítorí pé èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn.

Ibi tí iná ti ń ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà àgbélétan ní àǹfààní kan tó tóbi: bí iná bá lọ lójijì, bátìrì inú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ sọnù. Ti orí tábìlì yóò kú lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ẹ bá ra UPS mọ́ ọn. Ẹ má sì rò pé kọ̀ǹpútà àgbélétan ti géèmù bọ́ nínú ìṣòro iná. Bí eré bá wà lórí rẹ̀, bátìrì rẹ̀ kì í sábà ju wákàtí kan sí méjì lọ, agbára rẹ̀ sì máa ń dínkù tí kò bá sí lórí iná.

Bí a ṣe ń mọ tòkunbọ̀ tó ṣì wúlò

Ọ̀pọ̀ wa ni yóò lọ sí Computer Village ní òpópónà Ọ̀tígbà, ní Ìkẹjà. Àdúgbò ibùgbé ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó tó di ọjà ní àwọn ọdún 1990. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ó bá níbẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ra ẹ̀yà ọkọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ rí mọ̀ pé orúkọ ara ọjà kò tó. Ọdún tí wọ́n ṣe é àti bí wọ́n ṣe lò ó ni kí a wò. Ìwádìí tí United Nations University àti ibùdó Àdéhùn Basel tó wà ní Ìbàdàn ṣe ní àwọn èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 60,000 ohun èlò oníná àlòkù ló ń wọlé lọ́dún kan. Ó lé ní tọ́ọ̀nù 15,000 nínú rẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan ló wà nínú ìṣirò yẹn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a mọ ìdí tí ó fi yẹ kí a ṣọ́ra.

"Core i7" tí ọmọkùnrin yẹn ń béèrè kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Òǹkà tó tẹ̀lé e ló ń sọ ìran tí ọpọlọ náà jẹ́. Nínú i7-4600U, 4 tó ṣáájú fi hàn pé ìran kẹrin ni. Ọdún 2013 ló jáde. Nínú i5-8250U, 8 fi hàn pé ìran kẹjọ ni. Ọdún 2017 ló jáde. Bí òǹkà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, méjì àkọ́kọ́ ni kí ẹ kà: i5-1135G7 jẹ́ ìran kọkànlá. Òṣìṣẹ́ méjì ló wà nínú i7-4600U yẹn, mẹ́rin ló wà nínú i5-8250U. Nítorí náà i5 tó dé lẹ́yìn lè fi i7 àtijọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ìran yìí tún kan ààbò. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró, àfi fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ààbò ọdún kan. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè ọpọlọ Intel ìran kẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí èyí tó bá a dọ́gba láti ilé iṣẹ́ mìíràn bíi AMD, pẹ̀lú ohun ààbò tí a ń pè ní TPM 2.0. Àwọn kan lè fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò kún ojú òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí ààbò fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà san owó, tó sì ń kó ìwé oníbàárà pamọ́ sínú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ sínú ewu bẹ́ẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan tún wà fún àwọn tó fẹ́ géèmù. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kékeré tó ti ọ́fíìsì òkè òkun wá pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì fani mọ́ra. Àwọn tó ń tà á lè sọ pé ẹ lè fi káàdì géèmù sí i bó bá yá. Inú ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ̀ tó láti gba káàdì ńlá, agbára tó ń pín iná nínú wọn kò sì tó o. Káàdì kékeré tí kò jẹ ju 75 wáàtì lọ nìkan ni wọ́n sábà máa ń gbà. Bí ẹ bá fẹ́ máa fi kún ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀, ẹ ra èyí tí àpótí rẹ̀ fẹ̀.

Ohun tí ẹ ó yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ má ṣe sanwó nítorí pé ojú ẹ̀rọ tàn. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí yóò ṣí ní abala Performance tí yóò fi ọpọlọ, RAM, SSD àti káàdì àwòrán hàn yín. Fún bátìrì, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Yóò ṣe ìwé kan tó ń fi iye tí bátìrì ń gbà nígbà tó jẹ́ tuntun wé iye tó ń gbà báyìí. Bí èkejì kò bá tó ìdajì àkọ́kọ́, ẹ ṣírò owó bátìrì tuntun mọ́ ọn. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì kíbọọ̀dù, ẹ dán kámẹ́rà, gbohùngbohùn, Wi-Fi àti gbogbo ojú ihò rẹ̀ wò. Ẹ rí i dájú pé ẹ̀rọ náà kò sí lábẹ́ àkóso ilé iṣẹ́ tó ti lò ó tẹ́lẹ̀, nítorí pé irú rẹ̀ lè tì pa lọ́jọ́ tí ẹ kò rò. Ẹ jẹ́ kí ó wà lórí iná fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń gbóná jù.

Òfin wà lẹ́yìn yín pẹ̀lú. Òfin àpapọ̀ ọdún 2018 lórí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà sọ pé ẹni tó bá ń ta ohun tí a tún ṣe gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀ gbangba pé a tún un ṣe. Ẹ̀tọ́ yín náà ni láti gba rìsíìtì. Kí orúkọ ẹ̀rọ, òǹkà ìdánimọ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ rà á àti iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tó tà á bá kọ̀ láti mú àdéhùn ṣẹ, ẹ lè gbé ẹjọ́ náà lọ sí LASCOPA, àjọ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà. Rìsíìtì yẹn ni ẹ̀rí yín. Kọ̀ǹpútà tó bá ti kú pátápátá, ẹ má ṣe sun ún, ẹ má sì jù ú sí ojú àgbàrá; májèlé wà nínú rẹ̀.

Ìpinnu ìyá oníṣòwò

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí ìwé: ìṣirò owó, ìwé kíkà, ìgbáradì fún JAMB, àkọsílẹ̀ ọjà Aswani, iná ìjọba díẹ̀, ínfátà oníbátìrì kan. Kò sí ohun kan nínú ìwé yìí tó béèrè kọ̀ǹpútà géèmù. Àgbélétan tòkunbọ̀ tó jẹ́ Core i5 ìran kẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ní RAM 16GB àti SSD 512GB, ni yóò bá ilé yìí mu. Àwọn géèmù kéékèèké àti àwọn tó ti pẹ́ yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, nítorí náà ọmọkùnrin kò ní pàdánù gbogbo rẹ̀. Bí ó bá wọ yunifásítì, tí iná sì dára sí i, a lè tún ọ̀rọ̀ géèmù ńlá sọ.

A rọ ẹ̀yin olùgbé Ire-Akárí àti gbogbo Òṣòdì-Ìsọlọ̀ pé kí ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ yín kí ẹ tó gba ọjà lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín ka òǹkà ara ẹ̀rọ, kí ẹ̀yin sì jẹ́ kí wọ́n mọ iye yúníìtì tó wà nínú mítà. Bí òbí àti ọmọ bá jọ ṣe ìṣirò náà, owó kò ní ṣòfò, ire ẹ̀rọ náà yóò sì kárí gbogbo ilé.